Ohun Tó Kù Kí Rufus Rà

Àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni Rufus kọ́kọ́ rà. Ó ra bàtà búùtù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà sítóòfù kékeré tó ṣeé kì bọ inú àpò. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì yìí, ó tún ti jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò Alágbàká kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ó dúró ní ìsọ̀ Sherifat, ó gbé àgọ́ kan tí wọ́n ká lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ àpò onífóòmù tí èèyàn ń wọ inú rẹ̀ sùn.

Òkìrìkà ni Sherifat ń tà, ṣùgbọ́n ẹrù àwọn tó ń gun òkè ló pọ̀ jù ní ìsọ̀ rẹ̀, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń rà á. Rufus nìkan ni oníbàárà rẹ̀ tó ní ewú lórí. Sherifat ti wá mọ̀ ọ́n débi tó fi lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ìyàwó kékeré kan lẹ fẹ́ gbé sá lọ sórí òkè?"

"Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ bá."

"Kí ló dé tí òun ò fi wá bá yín nílé?"

"Kò lè wá," ni Rufus wí.

Sherifat rọra ṣàlàyé fún un pé àpò onífóòmù dára fún òtútù, àmọ́ tí òjò bá dé, ó ti tán nìyẹn. Àgọ́ á gba òjò dúró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á máa ro èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ó dá lórí bí wọ́n bá ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀. Rufus ní òun ò tíì mọ̀. Ó lè jẹ́ pé òun á kàn kí i, kí òun sì yí padà. Ó sì lè jẹ́ pé òun á sùn tì í.

Láti ìgbà tí Jíbọ́lá ọmọ rẹ̀ ti lọ ni Rufus kò ti lè jókòó sójú kan. Láàárọ̀, á da iyanrìn sínú àpò náà, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á máa rìn yí Alágbàká ká títí àwọn mẹ́gádì á fi máa kí i kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ẹbí ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní Oǹdó, wọ́n sì ti ní baba àti ìyá kò gbọdọ̀ dé ibi tí ọmọ náà wà. Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbà. Òun ló yọ fọ́tò Jíbọ́lá kúrò lára ògiri pálọ̀. "Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀, mo sì ti fi í sílẹ̀," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó." Rufus kò jókòó.

Jethro àbúrò rẹ̀, tó ń gbé ilé bàbá wọn ní Oǹdó, mọ ibẹ̀. Rufus yọ ọ́ lẹ́nu títí ó fi sọ pé orí òkè kan ni, nínú igbó, ó jìnnà kọjá àwọn oko kòkó, èèyàn ò lè lọ kó bọ̀ lóòjọ́. Rufus ra àpò. Jethro ní odò pọ̀ lọ́nà. Rufus ra búùtù. Jethro ní kò sí ibi tí èèyàn ti lè rí oúnjẹ. Rufus ra sítóòfù. Lẹ́yìn ìyẹn ni Jethro ní òjò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

"Tí ẹ bá ti ní ibi tẹ́ ẹ máa sùn sí, Ẹ̀gbọ́n, màá mú yín lọ."

Rufus ra àgọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé ó wọ mọ́tò Oǹdó. Awakọ̀ ní kó gbé ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, àmọ́ orí eékún ló gbé e lé títí wọ́n fi dé. Nígbà tí Jethro rí àgọ́ náà, kò kí i kú ìnáwó. Rufus ní òun á pa á lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́, kí Jethro fojú ara rẹ̀ rí i. Iwájú ilé jẹ́ símẹ́ńtì, èèkàn kò wọlé. Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Jethro ní ẹ̀yìnkùlé dọ̀tí. Kò sí ewé kan nílẹ̀ níbẹ̀, torí àràárọ̀ ni Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ń gbá a. Jethro ní kí àwọn lọ sí pápá ṣọ́ọ̀ṣì. Rufus ti tú àgọ́ sílẹ̀. Lẹ́bàá ògiri, gbòǹgbò igi ọsàn kò jẹ́ kí èèkàn wọlé. Ó sún sí àárín. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló fi tẹ èèkàn wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe é níbòmíì."

"Kí ló ṣe ibí?"



Nígbà tí àgọ́ dúró tán, Rufus gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí ohun tó kù mọ́. Ìgbà wo la ń lọ?"

Jethro wo ilẹ̀ pẹ́. Ó ní kó kọ́kọ́ wọlé wò ó ná, bóyá ó gùn tó o. Rufus bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó nà gbalaja. Wọ́n ń retí kó sọ̀rọ̀. Híhanrun rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, òun tí kì í lè sùn nínú yàrá tirẹ̀.

Ìbídùnní gbé bàsíà aṣọ jáde, ó rí ibi tí àgọ́ wà, ó dúró. Ó rọra sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ jí wọn."

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Jethro wí.

Baba kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, nítorí náà ni Jethro, tó ti fẹnu ara rẹ̀ dá òkè kan tí kò sí níbì kankan, ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó ń lé ewúrẹ́ kí wọ́n má baà jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òun àti àwọn ọkùnrin ilé sin Jíbọ́lá sí.