Àwọn Ọsàn Tó Yè ní Towé

"Pàtírọ̀n, ẹyọ kan ò kú! Gbogbo wọn ló yè!"

Olùwádìí kan ń pariwo sí ọ̀gá rẹ̀ nínú fóònù láàárín oko Ìyá Pauline ní Towé. Àrùn ti sọ ewé àwọn ògbólógbòó igi ọsàn ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Àárín wọn ló gbin àwọn ọmọ ọsàn rẹ̀ sí lọ́dún tó kọjá, kí àrùn lè dán wọn wò, ó sì so ike pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó lè dá wọn mọ̀. Ọsàn kíkan inú igbó ni wọ́n fi ṣe baba wọn, bóyá wọ́n á jogún ẹ̀jẹ̀ tí àrùn ò lè bá jà. Wọ́n kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọ̀dá òjò ló fà á.

"A ó pín in káàkiri Pobè àti Sakété!" ni ọ̀gá rẹ̀ dáhùn láti Kòtònú.

Olùwádìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Pauline. "Màmá, ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́jú wọn."

"Ṣé ẹ máa gbé nǹkan yín sílẹ̀ fún mi, kó wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Èyí tí ewé rẹ̀ bá ti ń pọ́n, mo máa ń fà á tu, màá ra òmíràn lọ́jà, màá sì so ike pupa yín mọ́ ọn."

"Nínú àwọn tí mo gbé wá ńkọ́, èwo ló kù?"

Ìyá Pauline na ìka sí ara igi kan. "Ike yẹn."

Nínú fóònù, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ní Kòtònú. Olùwádìí ò kúrò nílẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi, ẹ dìde," ni Ìyá Pauline wí. "Ọpẹ́ yìí ti pọ̀ jù."