Zenaida Pààrọ̀ Àwọn Tó Fẹ́ Dúró Tì Í

Ẹ ka ìtàn yìí títí dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́. Oaxaca ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ló ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n irú Zenaida wà ládùúgbò yín.

1.

Aránṣọ ni Zenaida, ọwọ́ rẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Eleuterio ti ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kò lè jókòó sójú kan mọ́. Lónìí, òdòdó funfun ló fẹ́. Tó bá di ọ̀la, pupa ni. Ó pààrọ̀ àwọn onífèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó rán aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó tú u, ó tún un rán, ó tún tú u. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn èèyàn máa fi òun rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ni Eleuterio tẹnu mọ́. Màmá Nicolasa, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ní àìsàn ọkàn. Màmá fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá máa da okùn òdòdó tí wọ́n fi ń so tọkọtaya pọ̀ bo ọmọ-ọmọ wọn àti ìyàwó rẹ̀ léjìká níwájú pẹpẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú Sátidé tó kẹ́yìn ṣáájú Lẹ́ńtì, torí fádà wọn kì í ṣe ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni nínú ààwẹ̀.

2.

Tọkọtaya àgbà ló ń dúró ti ọkọ àti ìyàwó níwájú pẹpẹ lọ́dọ̀ wọn, padíríno ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn gbọ́dọ̀ ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í sì fẹnu lásán bẹ̀ wọ́n. Apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì àti ṣokoléètì la ń gbé lọ bá wọn nílé. Tí wọ́n bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ ti parí.

Zenaida gbé búrẹ́dì lọ fún Àǹtí Crisanta, àbúrò ìyá rẹ̀, àti Fidencio ọkọ wọn, tó ń mọ ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì ni Crisanta ti mú ìwé ìgbéyàwó wọn lọ fún fádà, inú wọn ń dùn.

Nígbà tó ku oṣù kan, Zenaida pàdé Rutilio àti Maribel, tí wọ́n ní ilé ìtajà ńlá ní ìgboro. Ọkọ̀ wọn ń dán yanran. Ọkàn Zenaida tún dà rú. Ṣé Fidencio tí amọ̀ kún abẹ́ èékánná rẹ̀ ló máa wà nínú fọ́tò òun? Ló bá gbé búrẹ́dì mìíràn lọ fún Rutilio àti Maribel.

"Ṣé búrẹ́dì tí èèyàn ti jẹ lo fẹ́ gbà padà lẹ́nu ẹ̀?" Eleuterio bi í.

"Àǹtí mi ni jàre. Ó máa yé wọn."

Kò yé wọn o. Crisanta kàn ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dáa, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn. Eleuterio ní kó tètè lọ sọ fún fádà pé àwọn padíríno ti yí padà. Ó ní òun á lọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni nǹkan mìíràn ń gbé e sáré: àga, àkàrà òyìnbó, bàtà. Kò dé ọ̀dọ̀ fádà rárá.

3.

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi àga gbé Màmá Nicolasa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà wo Rutilio, ó wo Maribel, ó béèrè ìwé wọn. Rutilio rẹ́rìn-ín, ó ní ọdún kejìdínlógún rèé tí àwọn ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Zenaida ò bi wọ́n léèrè rí.

"Ìjọba mọ̀ yín," ni fádà wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì ò mọ̀ yín."

Ó bẹ ìjọ pé kí tọkọtaya kan tó ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ síwájú. Wọ́n lé ní ogún níbẹ̀. Ẹnì kankan ò dìde, torí ta ló fẹ́ gba ipò tí wọ́n lé Crisanta kúrò? Gbogbo wọn ń wolẹ̀.

Zenaida ká aṣọ ìyàwó sókè, ó sáré dé ilé àǹtí rẹ̀. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò ní wọ́n ti wọkọ̀ lọ bá ọmọ wọn ní Puebla láàárọ̀, kí wọ́n má bàa gbọ́ orin ìgbéyàwó náà. Nígbà tó fi padà dé, fádà ti ń múra àtilọ sin òkú ní abúlé kejì. Ó di ẹ̀yìn Àjíǹde.

Màmá Nicolasa, tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, tí etí wọn sì ti di díẹ̀, fa ọwọ́ Eleuterio. "Ṣé wọ́n ti so yín pọ̀?"

Ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ti so wá pọ̀, Màmá."

Inú Màmá dùn dé ilé. Wọ́n kú ní ọ̀sẹ̀ kẹta Lẹ́ńtì.

4.

Lẹ́yìn Àjíǹde, Crisanta àti Fidencio wá dúró tì wọ́n, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Zenaida ò rí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bá a.

"Mi ò bínú sí ẹ," ni Eleuterio wí. "Irọ́ ni mo pa fún Màmá gbẹ̀yìn. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Zenaida dúró tì í níbẹ̀ títí orin fi parí.

Ẹ̀yin ìyàwó ọ̀la, mo bẹ̀ yín. Ẹ tètè bi àlùfáà yín ohun tí ó ń béèrè, kí ẹ sì kó ìwé sílẹ̀ ṣáájú òdòdó. Ẹni tí ẹ bá ti bẹ̀ pé kó dúró tì yín, ẹ má torí fọ́tò lé e. Aṣọ tí ẹ bá tú, ẹ lè tún un rán. Àgbàlagbà tó ń retí yín ò ní ọjọ́ mìíràn tó máa fún yín.