Àṣírí tí Ipò Ọ̀gá Ò Tó

Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kékeré kan ló ń pariwo sínú fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ẹ ní wọn ó kọlu ìlú mi lónìí. Ibo gan-an? Ọmọọṣẹ́ mẹ́rin péré ni mo ní!"

"Àṣírí ìjọba ni, ọ̀gá," akọ̀wé iléeṣẹ́ ààbò àpapọ̀ dáhùn. "Ipò yín ò tíì tó o."

"Ilé mi ń jó, ẹ ní ipò mi ò tó kí n mọ yàrá tí iná wà?"

"Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Mo ti fi ìwọ̀nba tí ẹ lè rí ránṣẹ́."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé orí tábìlì ọ̀gá pọ ìwé kan jáde. Wọ́n ti fi tàdáwà kun gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìbuwọ́lùwé ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé láti kùn.

Ti ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni.

Lẹ́tà tó kọ sí wọn lóṣù tó kọjá ni, nípa àwọn àjèjì tó háyà ilé lẹ́yìn ilé-ìwé. Wọ́n ní kó dúró de èsì.

Ó gbá fìlà rẹ̀ mú, ó sáré jáde. "Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nílé-ìwé!"

Ọ̀kan nínú ọmọọṣẹ́ mẹ́rin yẹn ló sọ ọ́ fún mi, ó gbé ọmọ rẹ̀ tó wà nílé-ìwé náà lọ́jọ́ yẹn lé itan.