Okùn Gìtá Tí Mo Dẹ̀

"Ratih, ìwọ lo tú ẹgbẹ́ wa ká!"

Ginanjar ló ń pariwo mọ́ mi, akọrin wa àtijọ́, sìgá oníkànáfùrù lọ́wọ́.

Ó ti gbé fóònù ẹ̀ síwájú wa, ó ń fi í gbé wa jáde lórí ayélujára. Àwọn olólùfẹ́ Agbòjò Jíjò, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa tí kò pé ọdún tó fi túká, ń wò wá káàkiri ìlú Bandung bọ́rọ̀ ṣe ń lọ.

Ẹnìkan ló fi àwo wa kan ṣoṣo wé fídíò orí ìtàgé. Ó ní ohùn orin wa máa ń lọ sílẹ̀ ju ti inú àwo lọ lórí ìtàgé. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bú èmi tí mò ń ta gìtá.

"Sọ fún wọn! Ṣé ìwọ kọ́ lò ń dẹ okùn gìtá ká tó bọ́ sórí ìtàgé?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀! Orin wa dẹ̀ bí ìrẹsì tómi pọ̀ jù! Ta ni ò ní sá fún wa? Ọ̀dàlẹ̀!"

Dadang tó ń ta gìtá béèsì ò gbójú sókè. Òun náà máa ń dẹ tiẹ̀.

"Fún okùn ẹ le lónìí," Ginanjar pàṣẹ. "Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí."

Mo fún un le, Dadang náà fún tiẹ̀ le. A bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó dún gẹ́lẹ́ bíi ti inú àwo.

Ó na ọrùn, ó gbé orin. Bó ṣe dé ibi tó ga jù, ohùn ẹ̀ há. Ó húkọ́, ó tún un kọ. Igbe ewúrẹ́ ló jáde.

Ó sáré lọ síbi fóònù. Mo dí i lọ́nà.

"Má pa á o, olóhùn iyọ̀. Ṣé kí n dẹ okùn fún ẹ, bí mo ṣe máa ń ṣe?"