Ọmọ Ni Wọ́n Bi, Bàbá Ló Dáhùn

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá wí nínú yín, kó má bínú sí mi o. Ẹnu ara rẹ̀ ni kó bínú sí.

1.

Aránṣọ ni Esther, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi Ìlọrin ṣe ilé. Láníyọnu ọkọ rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Ọ̀fà Garage. Ọkùnrin náà kì í mutí, ó sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Àbùkù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, ìdí ọpọ́n ayò ló ń lọ, ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Ẹni méjì ń ta, ogún ènìyàn ń pariwo. Òǹwòran á máa júwe, á máa bú ọ̀pè, kò sẹ́ni tí yóò ní kó dákẹ́. Láníyọnu rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n mú Ìbùkúnolúwa, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, fún ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò lọ sí ilé-ìwé girama kan tó ní ibùgbé, lọ́fẹ̀ẹ́, títí yóò fi jáde. Esther mọ̀ pé bí òun bá ránṣọ títí ojú òun fi fọ́, òun kò lè san owó irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀.

2.

Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa bi ọmọ náà ní ìbéèrè.

"Ìbùkún, kí ni wọ́n fi ń ṣe wàrà tí à ń dín jẹ?"

"Mílíìkì màlúù!" Bàbá ló dáhùn látorí àga.

"Bàbá Ìbùkún, ṣé ẹ̀yin ni mo bi ni?"

"Mò ń ran ọmọ mi lọ́wọ́ ni. Ṣebí orí tèmi ló gbé wá sáyé."

"Ẹ wá jẹ́ kó fi orí náà dáhùn! Ìbùkún, eegun mélòó ló wà lára àgbàlagbà?"

"Igba!"

"Igba ó lé mẹ́fà ni, Dádì," ọmọ náà rọra sọ.

"Ìyẹn náà ni mo sọ!"

Ẹ gbà mí! Ta la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí lọ̀? Nígbà tó yá, bí wọ́n bá bi Ìbùkún ní nǹkan, á kọ́kọ́ wo ẹnu bàbá rẹ̀ ná. Esther rí i, ó sì dùn ún wọra. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀, kó má bá wọn lọ síbi ìdíje.

"Ṣé kì í ṣe èmi ni mo bí i ni?" ni Láníyọnu fi dá a lóhùn.

3.

Gbọ̀ngàn kan ní GRA ni wọ́n ti ṣe é. Alhaji Abdulsobur, tó ń béèrè ìbéèrè, kọ́kọ́ ṣòfin: òbí tó bá gba ìdáhùn sọ mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, wọn yóò kìlọ̀ fún un. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà ti pàdánù.

Wọ́n bi Ìbùkún pé ènìyàn mélòó ló ń wà lórí pápá nínú ẹgbẹ́ kan tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù.

"Mọ́kànlá!" ni Láníyọnu ké.

"Mẹ́fà," ni Ìbùkún wí, ó sì gbà á. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Esther débi pé ó fi ìborùn bojú.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn o," Alhaji kìlọ̀. "Bí ẹ bá tún sọ̀rọ̀, ọmọ yín ni yóò jẹ ìyà rẹ̀."

4.

Ó ku Ìbùkún àti Hamidat, ọmọ ilé-ìwé kan lẹ́bàá Ọjà Tuntun. Máàkì wọn dọ́gba. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, Ìbùkún sì ni wọ́n bi.

"Ọmọ ayò mélòó ló ń wà nínú ọpọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà láyé! Esther di apá ọkọ rẹ̀ mú pinpin. Ìbùkún rẹ́rìn-ín músẹ́: ihò méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin. Ó lanu.

"Méjìdínláàádọ́ta! Ìbùkún, méjìdínláàádọ́ta ni!" Láníyọnu ti dìde dúró.

Alhaji yọ awò ojú rẹ̀.

"Wàlláhì, Bàbá, kí lọmọ yìí fi ṣe yín?"

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Ṣé kì í ṣe méjìdínláàádọ́ta ni?"

"Òun ni. Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin là ń wá ilé-ìwé fún."

Bí Hamidat ṣe borí nìyẹn.

5.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn relé, Láníyọnu béèrè pé, "Ìbùkún, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Dádì. Mo ti lanu."

Esther bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi ọmọ yìí ní ohunkóhun, ì báà ṣe tíṣà, ì báà ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ bi Dádì mi." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Láníyọnu ti kọ́gbọ́n, ó ti ń dákẹ́ báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, Esther á béèrè ìbéèrè, bàbá á pa ẹnu mọ́, ọmọ náà á pa ẹnu mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni yóò máa dún nínú ilé.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ tẹnu rẹ̀, kódà bó bá máa ṣì í. Ohun tí ẹ bá gbà sọ mọ́ ọn lẹ́nu lónìí, ẹ lè má rí i gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láé. Àwọn àgbà kò purọ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.