Ìtàkùn Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀kín

Àlọ́ mi fà, ó fà, ó gun ògiri ilé Ọ̀kín aláfẹ́, tó gbin ìtàkùn olódòdó sẹ́nu ọ̀nà kí ilé rẹ̀ lè wuyì. Àràárọ̀ ni Ewúrẹ́, alájẹkì àdúgbò, ń wá já a jẹ. Ọ̀kín fi pàṣán lé e jáde.

"O ò gbọdọ̀ fẹnu kan òdòdó mi mọ́!"

Òjò dé. Ìtàkùn bo fèrèsé, ó bo ilẹ̀kùn mọ́ Ọ̀kín nínú ilé. Ló bá ń fi igbe kọrin:

Ewúrẹ́ o, wá jẹun o,
*Ìtàkùn ń fà!*
Ẹnu ọ̀nà mi ti dí o,
*Ìtàkùn ń fà!*

Ewúrẹ́ dúró lójú ọ̀nà.

"Ọ̀kín, mò ń gbóhùn ẹ, àmọ́ n ò rí ilé níbí. Òdòdó tó o ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kàn ni mo rí."