Àwo Tí Kò Gbọdọ̀ Yí Àwọ̀ Padà

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Dókítà fi wá ohun kan ṣoṣo. Ó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn sínú àwo pẹlẹbẹ, á fi fáírọ́ọ̀sì sí ìdajì wọn, á wá máa wò ó bóyá fáírọ́ọ̀sì náà yóò mú kí ẹ́ńsáìmù inú wọn, ìyẹn èròjà tó ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńsáìmù bá sáré, omi inú àwo á di àwọ̀ ìyeyè. Bí kò bá sáré, omi á mọ́ kedere.

Àwọn àwo tó ní fáírọ́ọ̀sì ń di ìyeyè lóòótọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tí kò ní náà ń di ìyeyè nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n mọ́ kó tó lè dájú pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á.

“Ọwọ́ ẹ ni,” Dókítà sọ fún ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Farabalẹ̀ nítorí pé kì í kánjú. “Ìwọ lò ń gbé fáírọ́ọ̀sì kiri.”

“Mà, ìbọ̀wọ́ tuntun ni mò ń lò fún àwo kọ̀ọ̀kan. Ṣé kì í ṣe pé fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló ń fà á?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Dókítà lára. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Farabalẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Oyún oṣù méje wà nínú ìyàwó rẹ̀. Ó dágbére, Dókítà ò gbójú sókè.

Ìyá Ìbejì ni wọ́n gbà dípò rẹ̀, obìnrin ọlọ́yàyà kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwo kan tí kò ní fáírọ́ọ̀sì di ìyeyè. Dókítà jókòó, ó káwọ́ lérí títí ọ̀sán fi pọ́n.

“Ẹ má dààmú, mà,” Ìyá Ìbejì sọ. “Ó ti yé mi.”

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti tò. Odindi oṣù mẹ́jọ, àwo tí kò ní fáírọ́ọ̀sì ń mọ́ gaara. Ẹni tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ráhùn pé àwo ń tán kíákíá. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ló ń lọ. Wọ́n tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka. Lọ́jọ́ ìwúyè, ó ní kí Ìyá Ìbejì dìde, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

“Mà, ọgbọ́n wo lẹ ń dá sí i?” àlejò kan láti ilé ìwádìí mìíràn bi Ìyá Ìbejì. “Àwa náà ń ṣe é, kò bọ́ sí i fún wa rí.”

“Kò sọ́gbọ́n kankan níbẹ̀, sà,” Ìyá Ìbejì dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, “èyí tó bá di ìyeyè nínú àwọn tí kò ní fáírọ́ọ̀sì, mo ti máa ń dà á nù kí Dókítà tó dé láàárọ̀, màá sì máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ títí màá fi rí èyí tó mọ́, torí inú wọn kì í dùn tí wọ́n bá rí i.”